Ṣé Iwájú Orí Rẹ Kan Ilẹ̀?

Òórùn bọ́tà tó ń jó ló kọ́kọ́ pàdé wa, kí a tó fojú kan ilé ìsìn náà rárá. Bọ́tà màlúù ni wọ́n ń bù sínú fìtílà wọn níbẹ̀ dípò epo, ọ̀pọ̀ fìtílà kéékèèké tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, òórùn rẹ̀ sì ń rọ́ sí ni nímú bí ìgbà tí àwọn obìnrin Fúlàní bá ń din wàrà. A ti jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, àwa akẹ́kọ̀ọ́ bí ogún pẹ̀lú olùkọ́ wa kan, láti wá wo ibi tí wọ́n ní Búdà jókòó sí lábẹ́ igi kí ojú inú rẹ̀ tó là. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa gun àwọn òkè ńlá tó wà ní ìhà àríwá lọ, nítorí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kọ́ ilé ìsìn sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Àsìkò ìsinmi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onílẹ̀ ti lọ bá àwọn òbí wọn. Àwa tí ilé wa jìn ni wọ́n kó rìnrìn àjò, kí a má bàa máa wo ògiri.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ṣáà mọ bí mo ṣe dé Íńdíà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, ìjọba ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìlú wa, Òsí, rò pé Lọ́ńdọ̀n ni mò ń lọ, tí wọ́n ń pọ́n mi lé kiri. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Íńdíà ni, ẹnì kan ní, "Ṣé ibi tí tùràrí ti ń wá?" Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ni, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, òun ló ń pe ìrun láàárọ̀ kùtùkùtù tí gbogbo wa fi ń jí, ìwọ náà pẹ̀lú. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i pé ó dìgbóṣe, ó tún rán mi létí ohun tó ti ń sọ fún mi láti kékeré: "Àyà rẹ ni ti àgbà. Iwájú orí rẹ, ti Ọlọ́run nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi nígbà náà. Ta ni kò mọ̀ pé èèyàn kì í fi orí kanlẹ̀ fún èèyàn? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé n óò dé ibi tí kò ti ní sí àgbà kankan tí n óò dọ̀bálẹ̀ fún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo nà gbalaja níwájú olùkọ́ àgbà kan láàárọ̀. Bàbá náà fò sẹ́yìn, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó ní kí wọ́n sáré bu omi wá! Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́. Mo ń bọ èèyàn lọ́wọ́, mo ń ṣe "gúmọ́nìn" fún àwọn tó ju bàbá mi lọ, mo sì ń rìn kọjá wọn lóòró gangan bí ẹni tí a kò bí níbì kankan. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí ju àìrí iyán jẹ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí a dé abẹ́ igi Búdà, tí mo rí àwọn arìnrìn àjò ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n tún ń dọ̀bálẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, n kò lè rí nǹkan mìíràn wò mọ́. Ọmọ Ìlọrin kan wà pẹ̀lú wa, òun nìkan ni Yorùbá kejì ní ilé ẹ̀kọ́ náà, aláwàdà gbáà. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Wò ó, àwọn ará Òsí ti ṣáájú rẹ dé ibí." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù lọ ra ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yìn igi kan ni mo lọ dúró sí.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló gbé wa gun òkè. Bó ṣe ń yí òkè ká ni òtútù ń pọ̀ sí i, tí ìkùukùu ń wọlé lójú fèrèsé. O rántí pé a máa ń fi òkè ilẹ̀ wa yangàn? Àpáta la ní, èèyàn kò rí òkè rí. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn yòókù jí lọ wo òkè tí òjò dídì bò. Mo ní orí ń fọ́ mi, irọ́ ni mo pa. Ara mi ló kọ ẹ̀rín àti ariwo. Ọmọ Ìlọrin ní òun náà kò lọ, pé òtútù kò sí nínú àdéhùn òun àti ìjọba, ó sì padà sábẹ́ kúbùsù. Èmi dá rìn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé tí a wọ̀ sí, mo sì já sí àgbàlá ilé ìsìn kékeré kan.

Bàbá arúgbó kan jókòó lórí ẹní nínú oòrùn, ó fárí, ó wé aṣọ pupa, ó ń yín àgbàdo. Ó ń fi àtàǹpàkò ti ọmọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù, ó ń ju ṣùkù sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Èéfín igi ń bọ̀ láti inú ilé, wọ́n ń sun díẹ̀ nínú àgbàdo ọ̀hún. Ó gbójú sókè, ó sọ nǹkan kan sí mi ní èdè rẹ̀, bí àgbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí ọmọdé tó wọlé wá láàárọ̀. Èmi kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun tó wí ni pé, "O ti jí?" Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni mo wí, ní Yorùbá. Àyà mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé mi, ọrùn mi rọ̀, iwájú orí mi sì lọ sílẹ̀ sórí erùpẹ̀ tútù náà, ó sì wà níbẹ̀.

Bàbá náà kò fò sẹ́yìn, kò pe omi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ títí ẹkún náà fi dá. Lẹ́yìn náà ló na àgbàdo kan sí mi. Mo jókòó tì í, a sì jọ yín àgbàdo náà tán. Nígbà tí mo dìde ni mo rí ọmọ Ìlọrin lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó wá pè mí jẹun, ó sì rí erùpẹ̀ níwájú orí mi.

"Ta lo forí kanlẹ̀ fún?" ó bi mí.

"Àgbà ni mo kí."

"Háà! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń kí àgbà ní Òsí?"

Kò ní ibi kankan nínú. Àwàdà ni lójú rẹ̀, àwàdà náà ló sì kọ sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Ìlọrin. Ẹyin lohùn, ìwọ náà mọ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n lọ ra aṣọ gbọ́ ọ ní ìsọ̀, nígbà tó sì fi máa dé Òsí, ó ti di pé ọmọ ládàánì ti ń bọ òrìṣà àwọn ará Íńdíà.

Tíṣà kan ló máa ń bá bàbá mi kọ lẹ́tà. Èyí tó dé lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéwú ló fi kọ ọ́, kí tíṣà má bàa mọ̀ sí i. Kò gùn rárá. Ó ní àwọn kan ti ń sọ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ forí balẹ̀ fún òrìṣà kò yẹ kó máa pe àwọn wá kírun. Ó ní, "N kò gbà wọ́n gbọ́. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé iwájú orí rẹ kan ilẹ̀?"

Mo kọ òótọ́, mo ya á. Mo tún un kọ, mo tún un ya. Báwo ni n óò ṣe kọ ọ́ pé ó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n pé ẹkún ni, kì í ṣe ìsìn? Pé àgbà ni mo rí, tí n kò rí irú rẹ̀ láti ọdún méjì? Lójú lẹ́tà, àwáwí ni yóò jọ. Mo fi ojú inú wo bàbá mi níwájú àwọn tí ó máa ń pè wá síbi ìrun, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà kéwú: "Rárá, Bàbá. Àyà mi nìkan ni."

Lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tíṣà ló kọ ọ́, tayọ̀tayọ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, bàbá mi ti fi Kùránì búra níwájú lẹ́mọ́mù àti gbogbo ìjọ pé iwájú orí ọmọ òun kò kan ilẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà lórí bẹ́ẹ̀dì mi: bàbá mi ti fi irọ́ mi búra. Ọdún méjì ló kù kí n parí ẹ̀kọ́. Mo kàwé, mo ṣe ìdánwò, mo ń jẹun láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sí ẹnì kan nínú ayé tí mo lè sọ ọ́ fún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rí ogún ọdún lò.

Ọ̀sán ni ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Òsí. Bàbá mi wà lábẹ́ òrùlé níwájú ilé, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo ju àpótí sílẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀, ẹkún gbé mi, orí mi sì lọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ti lọ lọ́jọ́ yẹn. N kò lè dá a dúró. Ìyá mi ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń ki oríkì mi. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi etí mi.

"Báyìí lo ṣe é lọ́hùn-ún?" ó rọra bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọlọ́run mọ ẹkún," ó wí. "Dìde, ìyá rẹ ń bọ̀."

Ní ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ìtánràn ìbúra tó yẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí mi káàbọ̀, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Ìyá mi bi í, ó ní ara òun ló fẹ́ ẹ. Èmi náà gba ààwẹ̀ náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bu ògì mu, ó sì ti igbá náà sọ́dọ̀ mi láìbéèrè nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ kò mọ̀."

"Mo búra lórí ohun tí ojú mi kò rí," ó wí. "Mu ògì rẹ."

Ó sọ fún lẹ́mọ́mù pé ohùn òun ti gbó, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní rárá. Àwa méjèèjì nìkan la mọ ìdí rẹ̀ títí ó fi kú, kò sì fi bú mi lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Nígbà tí mo wà ní Íńdíà, mo rò pé èmi nìkan ló dá wà láyé. N kò mọ̀ pé bàbá mi náà jókòó ní Òsí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà bí kò ṣe èmi. Mo rò pé mo fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ ìbànújẹ́ ni. Ká ní mo kọ òótọ́ sí i, inú rẹ̀ ì bá bà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ni ì bá jọ banú jẹ́.