Màmá Tíṣà Máa Ń Kọ́kọ́ Kí Wọn Ná

Mo hùwà ọ̀dẹ̀ kan. Mò ń bá òyìnbó kan jà lórí ayélujára nípa àwọn tó wọ ìlú wọn láìní ìwé, ni mo bá kọ ibi tí ọmọ Màmá Tíṣà ti ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọmọ wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ ọ̀hún ò ní ìwé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Jakande ni Màmá Tíṣà ń gbé. Òun náà máa ń dá àwọn òyìnbó orí ayélujára yìí lóhùn, ṣùgbọ́n bó ti wù kí èébú pọ̀ tó, á kọ́kọ́ kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹ káàárọ̀ sà, ilé ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí ọmọ rẹ̀ máa bọ̀ nílé, á ní, "Ẹ ṣeun sà. Èmi náà fẹ́ rí i."

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, àmọ́ ẹnì kan ti ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ lé kúrò nílùú òyìnbó, èmi tí mi ò kọjá Ìbàdàn rí. Mo gòkè lọ dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Màmá pe ọmọ náà lórí fóònù lójú mi, ó ní kó má dé ibi iṣẹ́ yẹn mọ́.

Màmá wá kọjú sí mi. "Ẹ dìde, Bàbá Bísí. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Bí wọ́n bá lé e wálé, màá sunkún. Bí wọn ò bá lé e, màá sunkún."