Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Dín Ohùn Gìtá Mi Kù

Mo rántí ìgbà tí mo gbà tọkàntọkàn pé onígìtá tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ló mọ iṣẹ́ jù lọ. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ Èkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìgboro, gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù ló ń ra nǹkan tó ń dún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ra rédíò, èmi ra ampilifáyà tuntun kan, dúdú, tó wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Mo máa ń nù ún kí n tó nu bàtà mi.

Ẹgbẹ́ olórin wa ò ju èèyàn márùn-ún lọ, ọ̀gá wa ló sì ń fọn fèrè. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣeré nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkòtún. Obìnrin kan ló ń kọrin fún wa, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń ránṣọ ní Òkè-Odò láàárín ọ̀sẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ́. Nítorí rẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi rò pé nítorí mi ni. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa ni bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún rédíò ṣe, Bàbá Oníréédíò là ń pè é. Ẹ̀yìn àwọn oníbàárà ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnnì. Ó ń fi í gbé ohùn ẹnì kan sókè, ó ń fi í rẹ ti ẹlòmíràn sílẹ̀. Àmọ́ agbára àpótí yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ampilifáyà mi. Bó bá juwọ́ sí mi pé kí n dín in kù, màá mi orí bí ọmọ gidi, màá sì tún fi díẹ̀ kún un. Bí mo bá ti fi kún un, ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù á tẹra mọ́ tirẹ̀, ọ̀gá wa náà á sì fọn fèrè títí ọrùn rẹ̀ á fi wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàárín orin, ohùn akọrin wa dédé pòórá. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀gá wa figbe ta sí ẹ̀yìn: "Baba, maiki ti kú! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Oníréédíò rọra rìn wá síwájú, ó fi ìka kan maiki, ó dún gbì. "Maiki ò kú o," ló wí. "Ohùn ọmọ yìí ló lọ."

Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá fún oṣù kan, àti pé tó bá tún lọ ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó lè má kọrin mọ́ láyé. Mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá a tó ń fi ìka ọwọ́ ṣàlàyé ọjọ́ tí aṣọ máa délẹ̀ fún oníbàárà kan. Nígbà tí ìyẹn lọ, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Kí lẹ tiẹ̀ ń pariwo tó báyẹn sí?" Ó wò mí títí. Ó fa ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Tíṣà, mi ò gbọ́ ara mi."

Láti ibẹ̀ mo gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníréédíò lọ, mo sì ti ń múra de èébú. Kò bú mi. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló fi sínú ẹ̀rọ. Ó ti gba ohùn eré wa sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Gìtá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Gìtá ṣá ni, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré, obìnrin kan sì ń ké lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

"Ohun tí mò ń gbọ́ níbi tí mò ń jókòó sí nìyẹn," Baba wí. "O ò jókòó níbẹ̀ rí, àbí?"

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ọ̀gá wa, mo jẹ́wọ́. Ó gbọ́ gìtá mi, ó gbọ́ fèrè tirẹ̀ náà, ó ní kí Baba wá kọ́ wa. Odindi oṣù kan la fi tún iṣẹ́ wa kọ́. Baba ní ká gbé ampilifáyà mi sórí àga, ó kọjú rẹ̀ sí etí mi kí díẹ̀ lè tó mi, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí mi ò gbọ́dọ̀ yí bọ́tìnnì kọjá. Ó gbé lásípíkà kékeré kan síwájú ibi tí akọrin ń dúró sí, kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀. A fi àjákù aṣọ há inú dúrọ́ọ̀mù. Ó ní bí akọrin bá ya ẹnu, kí olúkúlùkù fà sẹ́yìn. Bó bá pa á dé, kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé. Bí òun bá fọwọ́ kan fìlà, kí gbogbo wa rọlẹ̀ pa pọ̀. Bí òun bá ṣí i, kí a gbéra.

Ọjọ́ Àìkú tí akọrin padà dé, orin àkọ́kọ́ ò tíì tán tí oníbàárà kan fi pariwo pé, "Ẹ gbé e sókè jàre! Ṣé ẹ ò jẹun ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wá bá ọ̀gá wa, ó ní, "Tó bá jẹ́ báyìí lẹ máa ṣe é, mo máa wá ẹgbẹ́ mìíràn o." Ọ̀gá wa wò mí. Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnnì. Akọrin náà yíjú sí mi, mo sì rí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Mo dá ọwọ́ mi padà sórí okùn gìtá.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin kejì. Àwọn tó jókòó sún mọ́ wa ló kọ́kọ́ dákẹ́, torí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin ní kedere, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó pariwo lẹ́ẹ̀kan ló wá ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó panu mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí orin parí, Bàbá Oníréédíò ṣí fìlà. Gbogbo wa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn sì dìde tijótijó. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì fa àga kan, ó jókòó.

Mo ti dàgbà, Ìgándò ni mò ń gbé báyìí, ìka mi ò sì yá tó ti tẹ́lẹ̀. Ojú ṣì máa ń tì mí pé ó dìgbà tí obìnrin náà pàdánù ohùn rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn náà padà, ó sì bá wa tí a ti ṣàtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọrin lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó sì dáwọ́ dúró, òun fúnra rẹ̀ ló wù bẹ́ẹ̀.