Omi Ewé Kì Í Ṣe Ayẹta

"Ẹ pa á dé!" Igbe yẹn ni mo fi ń rántí obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ewéko, ará ilé wa ní Effurun. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí kúlà rẹ̀ nínú oòrùn. Omi ewé tó lọ̀ ló wà níbẹ̀, lórí yìnyín.

"Purotéènì inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ewé ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di agbára," ni ó máa ń wí. "Bí ooru bá bà á jẹ́, oòrùn kàn ń ràn lásán ni."

Nígbà ìjà Warri, èmi àti olùkọ́ náà ń gbé kúlà yìí lọ síbi tí iná mànàmáná wà. A so ewé tútù mọ́ iwájú ọkọ̀, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe kí wọ́n lè kọjá. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó dábùú ọ̀nà fi àdá fọ́ gíláàsì wa. Ọ̀gá wọn ṣí kúlà.

"Mama, na bullet medicine be dis?"

Dírẹ́bà wa yíjú sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ ká lọ!"

"No be medicine, my pikin. Na leaf. Bullet go enter you."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "You wan use am alone?" Ó da ìdajì omi ewé náà sí àyà ara rẹ̀.

Ọkọ̀ sójà yọ. Ọ̀gá náà sáré lọ pàdé wọn. Ìbọn dún, ó ṣubú, àwọn yòókù sá. Kí dírẹ́bà tó ṣáná sọ́kọ̀, obìnrin náà ti bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìborùn rẹ̀ di ojú ọgbẹ́.

"Mama," ni ọmọ tí ìbọn bà náà wí, "abeg, pour the remaining."