Ọjọ́ Tí Mo Jó Irin Ìtẹgàrí ní Inísà

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá lọ ṣe lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ wẹ́dà, díẹ̀ ló kù kó lé mi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti fi ọ̀kadà wá gbé mi lọ sí Inísà. Irin tí Ìyá Àdùkẹ́ onígàrí fi ń tẹ omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ rírin ti ya lẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin ti to àpò ẹ̀gẹ́ jọ, ó ti fẹ́ kan jù.

Wẹ́dà kan ti jó o tẹ́lẹ̀, ó kó irin lé e gègèlè bí ìgbẹ́ adìẹ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Bí irin yẹn bá tú níbi tí jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ ti ń tì í, ó lè ṣẹ́ èèyàn lápá.

Mo fi gíráíńdà họ gègèlè náà àti ìdógùn-ún kúrò títí irin fi ń dán. Mo wá fi ọ̀pá ìjórin kan irin. Ó lẹ̀ pinpin! Jẹnẹrétọ̀ wọn kò lágbára. Mo fi kún iná ẹ̀rọ ìjórin mi, mo tún ṣá ọ̀pá mọ́rin.

Ọ̀gá Múfù tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkúkù kò fún mi ní ọ̀pá kankan lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Jókòó, kó o máa gbọ́ ìró iná," ni wọ́n wí. "Bó bá ń ta bí àkàrà nínú epo, ó dáa nìyẹn. Bó bá ń tu pàà-pàà, ọ̀pá rẹ ti jìnnà sírin. Má sáré, kò ní wọlé. Má sì sùn lé e, wàá dá ihò sí i."

Ní Inísà, ó ta bí àkàrà. Mo tẹ ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, mo ń wọ́ ọ bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo fi òòlù kan ìdàrọ́ tó bò ó, ó ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ojú jíjó náà sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìpẹ́ ẹja.

Ìyá Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí? Ti tẹ́lẹ̀ mà tóbi jù ú lọ."

"Ẹ sún sẹ́yìn, mà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Èmi fúnra mi ni mo fa jáàkì. Nǹkan ké kíì! Àwọn obìnrin tú ká. Mo wo ojú jíjó, kò ya. Pákó orí àpò ló ń ké. Mo tún fà á. Omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣọ̀rọ̀rọ̀, ariwo ayọ̀ sọ.

"Má tíì palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ mọ́ o," ni Ìyá Àdùkẹ́ ń pariwo. "Ti àbúrò mi ní Igbaye náà ti ń mì!"

Inú mi dùn débi pé mo ti wà lórí ọ̀kadà, a ti kọrí sí Igbaye, kí n tó rántí pé n kò tíì jẹun.