Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Láìpẹ́ yìí, òórùn ẹ́ńjìnnì tó gbóná jù gba imú mi lójú títì, mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ṣì kéré lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi fi ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ gbé èmi àti ìyá mi láti Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bàbá àgbà, tó bí ìyá mi, ti ní ọkọ̀ náà ò lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà tó ga jù lágbègbè wa, láéláé.

Nígbà tí a gùn ún dé ìdajì, ọkọ̀ wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dúró, èéfín sì bo iwájú rẹ̀.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá wo bí òkè yìí ṣe rẹwà tó,” ni bàbá mi wí.

Ìyá mi gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Èmi ń wo òkè, mo ń pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe torí òkè la ṣe dúró.

Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná rìn kọjá lára wa.

“Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé kí n bá yín sọ fún wọn ní Ẹ̀fọ̀n pé ẹ ń bọ̀?”

Bàbá mi ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ìyá mi bọ́ bàtà, àwọn àti àgbẹ̀ méjì kan sì ti ọkọ̀ náà dé orí òkè.

Nígbà tí a dé ilé Bàbá àgbà ní Ẹ̀fọ̀n, wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu yà wọ́n.

“Ṣé ó gun òkè yẹn lóòótọ́?” ni wọ́n bi mí.

“Ó gùn ún dáadáa, Bàbá,” ni mo dáhùn tayọ̀tayọ̀. “Màmá mi ló ń tì í bọ̀.”

Ìyá mi sá wọlé kí ẹ̀rín tó pa wọ́n.