Ìyá Ọkọ Mi Nínú Gbọ̀ngàn Eré ní Treichville

Ní àwọn ọdún tí mò ń ránṣọ ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe fún ara mi: mo máa ń lọ wo eré orí ìtàgé lọ́sàn-án Sátidé. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó gbà á, tí wọ́n kó àga oníke sí i, tí wọ́n fi pákó kan ìtàgé tí kò ga ju àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà lọ. Bí o bá jókòó níwájú, itọ́ òṣèré lè ta sí ọ lára. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣeré níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n sún un sí ọ̀sán. Ìyẹn bá mi lára mu. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Vridi, kì í bá mi lọ. Ó ní òun ò lè jókòó ti ẹni tó ń purọ́ kí òun sì máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í dákẹ́. Bí mo bá ń ránṣọ, wọn á ní ibi tí abẹ́rẹ́ mi ń gún ti jìnnà síra jù. Bí mo bá gbé àtíẹkẹ́ síwájú wọn, wọn á bi mí pé kí ló ṣe gààrí yìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sátidé pé, mo rọra wọ bàtà kí n lè yọ́ jáde. Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wé gèlè.

"Ìyàwó, níbo là ń lọ?"

"Ibi eré ni, mà. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò ní yé yín."

"Ṣé ìwọ ò gbọ́ Faransé ni? Wàá máa sọ ọ́ fún mi."

Mo wo ọkọ mi. Ó yíjú sí tẹlifísọ̀n.

Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ ká jókòó sí. Màmá ní ojú àwọn ò ríran dé ọ̀nà jíjìn, iwájú la bá ara wa. Eré ọjọ́ náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rí iṣẹ́ ńlá, tó sì gba ilé sí Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Ìyá rẹ̀ wá bá a láti abúlé. Bí òṣèré kan bá ti lanu, ìyá ọkọ mi á fi ìgúnpá gún mi.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí ìyá òun káàbọ̀."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn náà nìyẹn?"

Kí n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tán, àwọn òṣèré ti sọ òmíràn kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, èmi ò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, màmá á sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa ń pòṣé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó tún pòṣé, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin inú eré náà wọlé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Wọ́n bi í pé ta ni màmá tó ń fọ abọ́ yẹn. Ó dá wọn lóhùn wéré.

"Kí ló wí?"

Ó ti rẹ̀ mí. "Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun ni."

Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n nàka sí òṣèré náà.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ìyá tó lóyún rẹ, tó pọ̀n ọ́, òun lo ń pè lọ́mọ ọ̀dọ̀?"

Mo fà wọ́n láṣọ, wọ́n gbọn ọwọ́ mi dànù. Ọkàn mi sọ pé òṣèré náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí Yorùbá ni màmá fi bá a wí. Ṣùgbọ́n ó dúró, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àṣé ọmọ Yorùbá ni, èyí tí wọ́n bí sí Abidjan, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Kì í ṣe èmi. Eré ni. Teátà."

"Bó bá jẹ́ eré ni, dọ̀bálẹ̀ fún un kí n rí i."

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó na gbalaja sórí pákó níwájú ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyá rẹ̀, ẹni tí kò tilẹ̀ tó o lọ́jọ́ orí. Ọmọbìnrin náà mú ẹ̀rín mọ́ra títí, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, obìnrin tó ń pòṣé náà ń lu àga. Ibẹ̀ ni eré ọjọ́ náà parí sí, nítorí ta ni yóò tún gbà pé ọmọ yẹn burú? Èmi tí mo jáde nílé láti wo eré, mi ò rí ìparí rẹ̀.

Olùdarí wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn ti ń múra eré yẹn sílẹ̀, ó wá bẹ̀ mí pé kí n fi màmá sílé lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá ọkọ mi yíjú sí òṣèré náà, tó ń nu òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni ọ̀gá yín wí?"

Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wò mí. "Ó ní ẹ padà wá. Sátidé."

"Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ni sí," ni màmá wí. "A ó wá."

Mo ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdarí, a kọrí sílé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òṣèré náà ti ń dúró dè wá. Ó bẹ màmá pé kí wọ́n ṣe sùúrù títí eré yóò fi tán. Wọ́n gbà, wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ. Wọ́n fi etí ìborùn bo ẹnu, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, mo sì gbọ́ eré náà dáadáa. Ní ìgbẹ̀yìn, ìyá náà gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó padà sí abúlé. Ọmọ rẹ̀ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń mu ọtí. Wọ́n pa iná. Ó wọ̀ mí lára, mo fẹ́ jókòó díẹ̀ kí n rò ó.

"Ó ti tán?" ni màmá bi mí.

"Ó ti tán, mà."

"Kò dọ̀bálẹ̀?"

"Kò dọ̀bálẹ̀."

Inú bí wọn débi pé wọ́n kọ takisí. Ẹsẹ̀ la fi rìn gba iwájú ọjà ńlá kọjá, wọ́n ń sọ pé ọmọ yẹn tan àwọn, pé bí àwọn ò bá dákẹ́ ni, ìyá yẹn ì bá má lọ. Mo ní eré lásán ni, ẹni tó kọ ọ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà.

"Ìwọ náà, bí àwọn oníbàárà rẹ bá bi ọ́ pé ta ni mí, kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń sọ pé ìyá ọkọ mi ni yín, mà."

"Ìyá ọkọ. O ò lè sọ pé ìyá rẹ ni mí."

Mo mú wọn lọ́wọ́ kúrò láàárín ọ̀nà. Nígbà tí a délé, ọkọ mi bi wá pé báwo ni eré. Màmá ní kó lọ bi òṣèré yẹn. Mo bọ́ bàtà, mo gbé omi kaná, nítorí ebi ti ń pa màmá.