Bí Mo Ṣe Ń Lu Ọkọ Mi Kékeré

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣẹ́ ọrùn ọkọ mi, ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnì, ó ń din ẹja. Egungun ọrùn náà dún pàà. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀, eyín fò sílẹ̀, mo sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó jẹ́ kó kú. Inú mi dùn gan-an. Ìyá ọkọ mi yọjú síta pẹ̀lú ṣíbí epo lọ́wọ́, ó ní ta ló ń pariwo bí ẹranko nínú ilé òun.

Inú tẹlifíṣọ̀n ni o. Ẹ má pe ọlọ́pàá sí mi. Ọkọ tí mo ń wí yìí kì í sì í ṣe ẹni tó san owó orí mi, àbúrò rẹ̀ ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn ti wá, Adjamé ní Abidjan ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, ṣùgbọ́n wọn kò fi àṣà sílẹ̀ sọ́nà: ọmọkùnrin tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo dàgbà ju èyí lọ dáadáa, síbẹ̀ mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, ọkọ mi kékeré ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní ìyàwó, kì í sì í ti ọjà dé lọ́wọ́ òfo. Á ra dòdò gbígbóná fún mi, á ní kí n jẹ ẹ́ kí ìyá òun tó rí i.

Fóònù ló ń tún ṣe ní ọjà Roxy, lábẹ́ àtíbàbà kan láàárín àwọn tó ń ta bàtà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn ọmọ kan já lu èrò níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì gbaka ti ń gbé èrò. Àwọn ọmọ tí gbogbo Abidjan ń pè ní microbes ni, àwọn tí àdá wọn máa ń gùn ju apá wọn lọ. Wọ́n ṣá obìnrin kan léjìká nítorí báàgì. Wọ́n gún ọkùnrin kan ní itan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lójú títì kó máa pariwo. Ọ̀kan kọjú sí ọkọ mi kékeré, ó gbé àdá sókè sí orí rẹ̀. Òun náà gbé ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Àdá bá ọwọ́, ó ya á láti ìdí ìka kékeré dé ọrùn ọwọ́. Mo rí ọwọ́ náà ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó rán an. Mo rí egungun funfun báláú. Mo bú ọmọ náà, mo bú ìyá tó bí i, mo bú alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n jáde.

Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ti kú. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń ká díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Dókítà ní iṣan lè jí, pé kó máa fi wọ́n ṣe nǹkan, kó máa jẹ́ kí nǹkan ta wọ́n jí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò gan síbẹ̀. Ọkọ mi kékeré kò ṣe nǹkan kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ta ni yóò gbé fóònù fún ẹni tí irin tín-ín-tín inú rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní mọ̀? Bí ìka yẹn kò bá jí, iṣẹ́ tán. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà tán lọ. Kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ògiri ló máa ń wò.

Kí àdá tó gé e, òun ni ọ̀gá nílé géèmù ẹ̀yìn ọjà. Géèmù ìjà ni tirẹ̀, èyí tí ènìyàn méjì máa ń kọjú síra wọn, tí wọn yóò máa lu ara wọn títí ọ̀kan yóò fi kú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá sílé wa kí ara rẹ̀ lè yá. Àtàǹpàkò méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ jù nídìí manẹ́ẹ̀tì, ohun tí à ń tẹ̀ lọ́wọ́ yẹn, ìka tó kú náà kàn ń dì í mú lábẹ́ ni. Nítorí náà ó lè gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rere yìí ń ṣe. Àwọn tí wọ́n ti ń fa ìfun ara wọn yọ nínú géèmù láti kékeré, wọ́n á dúró gbagidi bí àgbò Iléyá, kó máa pa wọ́n.

“Vieux père, ọ̀gá mi, o ti pa mí o! Tu es trop fort, o lágbára jù!” ni ọ̀kan máa ń wí.

“Walahi, ọwọ́ yẹn ṣì gbóná,” ni èkejì máa ń wí, irọ́ sì ń yọ lójú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ mi náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí kì í gbà fún mi bí mo bá ní òjò ń rọ̀, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó ń jẹ́ kó fọ́ òun lórí léraléra. Bí wọ́n bá sinmi, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tó ń mú géèmù dùn.

“Image ni. Wo ẹ̀jẹ̀ yẹn, môgô, on dirait c'est vrai, bí ẹ̀jẹ̀ gidi.”

“Image là, c'est rien, kò já mọ́ nǹkan. Le son ni. Pa ohùn ẹ̀, ká wá wò ó bóyá wàá gbádùn ẹ̀.”

“Ìtàn ẹ̀ ńkọ́? Tó ò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń para wọn, kí ni wàá fi ṣe, à quoi ça sert?”

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi. Wọn ò mọ̀ pé ilé géèmù ni mo dàgbà sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan ní Port-Bouët, lẹ́bàá òkun, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í bí wọ́n bá lọ sí iṣẹ́. Iyọ̀ òkun ti jẹ tẹlifíṣọ̀n wa débi pé ìdajì ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Orí tí wọ́n bá bẹ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ewé ló ń ṣàn. Ohùn rẹ̀ ń wá, ó ń lọ. Ìtàn rẹ̀, èdè Japan ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Síbẹ̀ àwọn apẹja tó ti òkun dé á tò síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa ti ara wọn ṣubú. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀ṣẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ́ ẹnì kejì sì dùn wọ́n. Kí ẹni tó jókòó tì wọ́n fẹ́ pa wọ́n ní tòótọ́. Ẹ gba gbogbo ìyókù, ẹ fi èyí sílẹ̀, géèmù á dùn. Ẹ gba èyí, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, ẹ dì í padà sínú páálí.

Mo tún mọ ohun kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rere náà gbàgbé. Nínú géèmù yìí, manẹ́ẹ̀tì ẹni tí wọ́n bá lù nìkan ló máa ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àgbò fún un, manẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gbọ̀n rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ju manẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn.

“Laissez-moi! Ẹ máa lọ! Òkú lẹ̀ ń bá ṣeré?”

Wọ́n lọ. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbá ẹyọ kan.” Ó wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló sọ̀rọ̀. Mo dìde lórí orúnkún, mo jókòó tì í, bí ìdí mi ṣe kan àga, mi ò ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Mo mú obìnrin onírun pupa kan tó máa ń fi ẹsẹ̀ jà. Òun mú ọkùnrin ńlá kan. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì. Mo ṣẹ́ ẹ, mo tún un ṣẹ́, mo ya apá rẹ̀, mo fi ojú rẹ̀ gbo ògiri.

“O ti ya òmùgọ̀,” ni mo sọ fún un. “Kí ló dé tí o kì í gbé ọwọ́ sókè?”

Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ènìyàn inú géèmù máa ń gbé apá bo orí, ẹ̀ṣẹ́ kò sì ní wọlé dáadáa. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé géèmù kò ṣe é mọ́. Orí rẹ̀ ló ń gbé wá fún mi bí ẹni gbé igbá wá gba iyán, èmi náà sì ń lù ú.

Ìyá ọkọ mi gbóná. Ó ní, “Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Ìyàwó wo ló ń na ọkọ rẹ̀ nínú ilé yìí?” Ó lọ fi ẹjọ́ mi sun ọmọ rẹ̀ àgbà. Ìyẹn wọ yàrá, ó ní, “Pardon, fi í sílẹ̀, c'est un malade.” Mo ní ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ ọ́ di aláìsàn, pẹ̀lú ẹ̀rín òyìnbó yín yẹn. Kò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi kékeré lórí ìkúnlẹ̀, mo kó abọ́ kúrò, mo sì tún fọ́ orí rẹ̀.

Ó ń padà wá jókòó, mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Ẹni tí ń wo ògiri ti ń dúró dè mí. Ó ń payín keke, ó ń bú mi lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ kì í gbé ọwọ́ sókè. Lọ́sàn-án kan ó sú mi, mo pariwo mọ́ ọn.

“Gbé ọwọ́ sókè! Ṣé o fẹ́ kí n pa ọ́ láìjà ni?”

Ó yọ ọwọ́ kúrò lára manẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí mi lójú, ojú àpá náà pupa, ó rí wúrúkúwúrúkú.

“Mo gbé e sókè! Tu vois pas? O ò rí i? Mo gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn, wo ohun tó fún mi!”

“Orí ẹ ńkọ́?” ni mo ní. “Níbo ni orí ẹ wà? Ṣé ilẹ̀ Roxy ni? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọwọ́ nìwọ fi ṣọ́ tìrẹ. Ọwọ́ yẹn ló jẹ́ kí ìyá ẹ rí ọmọ gbé wálé, o wá ń fi í pamọ́ sínú àpò bí olè.”

Omi lé sí i lójú. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìjà kò tíì parí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé manẹ́ẹ̀tì. Mo fi gìgísẹ̀ onírun pupa gún ọkùnrin rẹ̀ lọ́fun, ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n ká. Ó dáwọ́ dúró.

“Ìyàwó,” ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. “Ó gbọ̀n.”

“Kí ló gbọ̀n?”

“Manẹ́ẹ̀tì. Ìka kékeré mọ̀ ọ́n. Walahi, ó mọ̀ ọ́n.” Ó mí kanlẹ̀. “Lù mí sí i.”

Mo lù ú. Mo lù ú bí ẹni lu aṣọ òkè. Mo fọ́ ìhà rẹ̀, mo yọ ojú rẹ̀, lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan á ní “ó mọ̀ ọ́n”, tàbí “kò mọ ìyẹn, tún un ṣe.” Àwa méjèèjì ń sunkún, a sì ń para wa. Bí a bá ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Lójijì, bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ tó máa ń bẹ́ orí, ọkùnrin ńlá náà gbé apá méjèèjì bo orí. Ẹsẹ̀ mi lu apá, ó sì ta padà. Kí n tó mọ nǹkan kan, ó ti gbá mi mú nírun, ó ti fi mí nalẹ̀, ó sì fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn mi títí ó fi ṣẹ́.

Mo kú. Mo jókòó, mò ń wo òkú mi.

“Ìyàwó,” ó ní, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀, “o ò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n borí, àbí?”

Inú bí mi débi pé mo dìde dúró. Mo pè é ní ẹlẹ́tàn, mo pè é ní ọmọ burúkú, mo ní ọwọ́ ìkà ni, àdá ọjọ́ yẹn kò gé e tó. Ìyá ọkọ mi jáde ní kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí, ó ní irú èébú wo ni mò ń bú ọkọ mi nínú ilé òun. Ọkọ mi kékeré ti dojú bolẹ̀ lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a kò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Inú ń bí i ní tòótọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí i bí ìṣe ilé wọn, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò, ó nà án sí mi láti fi fà mí dìde. Ó dì mí mú. Mo mọ ìka kékeré náà lára ọwọ́ mi, òun náà ń fún ọwọ́ mi pinpin.